M Wo Lẹ Ń Wí?

Kí ló le nínú kí ènìyàn kọ "mílíọ̀nù"? Wọ́n á kọ 5M sínú ìwé owó, wọ́n á wá fi òǹkàwé sílẹ̀ kó máa méfò. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mílíọ̀nù ni M, àádọ́ta ọ̀kẹ́ gbáko. Lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ oníbáńkì àti oníṣirò owó ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ̀rún ni, nítorí pé ẹgbẹ̀rún ló jẹ́ nínú òǹkà àwọn ará Róòmù. MM ni wọ́n ń kọ fún mílíọ̀nù, ìyẹn ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún. (Bẹ́ẹ̀ 2,000 ni MM lójú àwọn ará Róòmù fúnra wọn!) Ẹni tó bá ṣi M kà, 5,000 ló sọ di 5,000,000 yẹn.

B náà ò sàn. Òdo mẹ́sàn-án ló wà nínú bílíọ̀nù àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì lónìí. 1974 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á bẹ́ẹ̀. Ní Jámánì, òdo méjìlá ló wà nínú Billion tiwọn. Èyí tó ní òdo mẹ́sàn-án, Milliarde ni wọ́n ń pè é, Mrd ni wọ́n sì ń gé e sí. Atúmọ̀ èdè tó bá gbé Billion wọn sínú Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe wà ti pa 999 nínú gbogbo 1,000 owó náà rẹ́. Cr ńkọ́? Ní Íńdíà, crore ni, 10,000,000. Nínú ìwé ìṣirò owó, kírẹ́díìtì ni.

Àwọn tó ń da tábìlì kọ láìgbé àkọlé rẹ̀ ló ń bí ni nínú jù. Ilé-iṣẹ́ kọ '000 sókè nọ́ńbà, ìyẹn ni pé kí ẹ fi òdo mẹ́ta kún ohun tó wà nísàlẹ̀. Ẹ gbé 4,250, ẹ fi '000 sílẹ̀. Ibo ni a ti fẹ́ mọ̀ pé 4,250,000 ni? Èrè orí ìpín kọ̀ọ̀kan kì í sì í sábà bá '000 yẹn lọ. Ẹ má fi òdo kankan kún un.

YouTube náà ń gé iye àwọn tó ń tẹ̀ lé ìkànnì kúrú, ìsàlẹ̀ ló sì ń gé e sí. 1.29M lè jẹ́ 1,290,000, ó lè jẹ́ 1,299,999. Tó bá di 1.3M, àwọn kan á pariwo pé ènìyàn 10,000 ló wọlé. Ó lè jẹ́ ẹnì kan péré!

Ẹ dákun, ẹ yé tẹ 1.2M sínú Excel. Ọ̀rọ̀ ló máa kà á sí, SUM, àṣẹ tó ń ro nọ́ńbà pọ̀, á fò ó láìsọ fún ẹnikẹ́ni, àròpọ̀ yín á sì kéré. 1200000 ni kí ẹ tẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Ctrl+1, ẹ lọ sí Custom, ẹ kọ 0.0,,"M" síbẹ̀. Kọ́mà kọ̀ọ̀kan ń fi 1,000 pín ohun tí ojú ń rí, nọ́ńbà gidi ṣì wà lábẹ́ rẹ̀ digbí. Kí ẹ sì kọ ọ́ sókè tábìlì, kó hàn kedere: M = mílíọ̀nù.