Owó Tó Ń Dé Lẹ́yìn Tí Àgbàdo Ti Gbẹ

Ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́ tí wọ́n ṣe ní Belém, lórílẹ̀-èdè Brazil, ti túká, kálukú ti gba ilé lọ. Ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí níbẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 ni pé kí gbogbo ayé sapá láti sọ owó tí a fi ń fara da ojú ọjọ́ tó ń yí padà di ìlọ́po mẹ́ta, ó kéré tán, tó bá máa fi di ọdún 2035. A ò bá wọn jà lórí iye. Ìbéèrè tí ìwé ìròyìn yìí kì í yé bi wọ́n la tún ń bi: ọjọ́ wo ni owó náà yóò dé ọwọ́ àgbẹ̀? Wọ́n kọ iye, wọ́n kọ ọdún. Wọn ò kọ ọjọ́.

Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ sì ni iṣẹ́ oko mọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú àgbàdo. Bí òjò bá dáwọ́ dúró lẹ́yìn tó hù, àgbẹ̀ ṣì lè tún un gbìn, bó bá rí irúgbìn mìíràn láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Hẹ́kítà kan ò ju nǹkan bíi kílò 20 sí 25 lọ. Bó bá pẹ́ ju ìyẹn lọ, òjò tó ṣẹ́ kù kì í tó o gbó. Èyí tó le ni ọ̀dá tó bá bọ́ sí ìgbà tí àgbàdo ń gbọmọ pọ̀n. Òùngbẹ kì í jẹ́ kí ìrùkẹ̀rẹ̀ orí ṣùkù tètè jáde, nígbà tó bá sì máa jáde, ìyẹ̀fun orí igi àgbàdo á ti fẹ́ dànù. Ẹni tó bá bó èèpo rẹ̀ wò á rí ṣùkù tí ọmọ rẹ̀ fo káàkiri bí eyín ọmọdé tó ń ká. Kí òjò padà rọ̀ lọ́tùn-ún lósì, ọmọ ò ní í jáde mọ́.

Ìṣòro méjì nìyẹn, owó méjì ló sì fẹ́. Àkọ́kọ́ kéré, ó gbọ́dọ̀ yá. Èkejì pọ̀ díẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kí agboolé má baà ta ewúrẹ́ àti ọkọ́ jẹun kí àkókò ìgbìn mìíràn tó dé. Àwọn aláṣẹ a máa ru méjèèjì pọ̀, wọn a pè é ní ìrànwọ́, wọn a sì gbé e dé nígbà tí kò wúlò fún èyíkéyìí nínú wọn.

Ẹ wo Màláwì. Ìjọba ibẹ̀ san bíi mílíọ̀nù 4.7 dọ́là fún adójútòfò ọ̀dá lọ́dọ̀ African Risk Capacity, àjọ adójútòfò àjálù ti Ìṣọ̀kan Áfíríkà, fún àsìkò oko 2015 sí 2016. Ọ̀dá dé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2016, ààrẹ kéde ipò pàjáwìrì. Àwọn tó nílò oúnjẹ lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà. Kọ̀ǹpútà adójútòfò, tó ń fi òjò tí sátẹ́láìtì wọ̀n ṣírò ọ̀dá, ní àwọn tí ọ̀dá kàn ò ju bíi 20,000 lọ, nítorí náà kò sówó. Nígbà tí wọ́n tú u wò, wọ́n rí i pé àgbàdo tó ń pẹ́ gbó ni wọ́n kọ sínú kọ̀ǹpútà, àwọn àgbẹ̀ sì ti yí sí èyí tó ń yá gbó. Kì í ṣe àwọn ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà ń wò ni òùngbẹ gbẹ àgbàdo wọn. Wọ́n tún un ṣírò, bíi mílíọ̀nù mẹ́jọ dọ́là sì jáde, ṣùgbọ́n ọdún 2017 ti wọlé kí ó tó débẹ̀. Kò sẹ́ni tó jalè. “Irúgbìn wo lẹ ń gbìn?” nìkan ni wọ́n gbàgbé láti bi àwọn tó ń gbìn ín. Owó tó bá dé lẹ́yìn ọjà, gbèsè ló máa ń san.

Ọ̀nà tó dára ò ṣòro. Kí a tó fọwọ́ sí ìwé adójútòfò tó ń fi sátẹ́láìtì wọn òjò, kí àwọn àgbẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin, ka ọdún tó burú jù fún wọn láàárín ogún ọdún. Kí a wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọdún tí kọ̀ǹpútà ìbá sanwó. Níbi tí méjèèjì bá ti yàtọ̀, kọ̀ǹpútà ni ká tún ṣe, kì í ṣe àgbẹ̀. Kí ọjọ́ ìgbìn àti irú irúgbìn wà nínú ìwé náà. Kí ẹni tó máa lọ wo oko wà níbẹ̀ pẹ̀lú, pẹ̀lú iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ lò, bí sátẹ́láìtì bá ní òjò rọ̀ tí ilẹ̀ sì gbẹ.

Bẹ́ẹ̀ sì ni owó lè ṣáájú àjálù. Ní oṣù keje ọdún 2020, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tú mílíọ̀nù 5.2 dọ́là sílẹ̀ fún Bangladesh nítorí àsọtẹ́lẹ̀ omíyalé, kí omi tó kún dé góńgó. Àwọn agboolé gba owó, wọ́n gba oúnjẹ ẹran ọ̀sìn àti dúrọ́ọ̀mù tó ṣe é dé pa tí irúgbìn ò fi ní rin.

Irúgbìn àtúngbìn náà ńkọ́? Àpò tó ní ọ̀rá méjì nínú ń pa kòkòrò láìlo oògùn, nítorí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á tán. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba a pín in, wọn a ya fọ́tò, wọn ò ní í sọ pé àgbàdo tí kò gbẹ dáadáa á bu nínú rẹ̀, kò sì ní í hù. Iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀ nínú ìgò gbígbẹ tó: kó àgbàdo sí i, mì ín, fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, padà sá a. Bó bá gbẹ, fún afẹ́fẹ́ jáde, so ọ̀rá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí o sì gbé e jìnnà sí eku, nítorí ihò kan péré ti bà á jẹ́.

Lórí èyí ni sùúrù wa ti ń tán. Ẹnu dùn-ún ròfọ́, ìgbìmọ̀ sì pọ̀ ju oko lọ. A ò fẹ́ ìgbìmọ̀ mìíràn. Iye òjò tí yóò jẹ́ kí owó jáde, ọjọ́ tí yóò jáde àti orúkọ ọ́fíìsì tí yóò san án la fẹ́, kí wọ́n kọ ọ́ ní èdè tí àgbẹ̀ ń sọ, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ síbi tí ojú gbogbo èèyàn ti tó o, kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé.