"Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ìpìlẹ̀ ná": ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí ò kúrò lẹ́nu àwa tá à ń kọ́ni ní báyọ́lọ́jì, pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ò tíì mọ nǹkan kan, ká ṣáà ti fún wọn ní lẹ́kíṣọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ná, tó bá yá wọ́n á máa dáhùn ìbéèrè, wọ́n á máa bára wọn jiyàn. Èmi náà ti sọ ọ́ rí o. Irọ́ ni.

Kí wọ́n tó wọ kíláàsì ni wọ́n ti ní ohun tí wọ́n gbà gbọ́. Ẹ bi wọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé igi ràbàtà tó hù látinú èso bíńtín, ibo ló ti rí gbogbo ara yẹn? Kí kálukú kọ ìdáhùn tiẹ̀ sílẹ̀, kó wá bá ẹni tó jókòó tì í fà á. Ọ̀pọ̀ á ní inú ilẹ̀ ni. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ wá mú ìtàn Jan Baptist van Helmont wọlé, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ayé àtijọ́ tó gbin igi wílò tí ò ju bíi kílò 2 lọ sínú iyẹ̀pẹ̀ tó ti wọ̀n sílẹ̀, omi nìkan ló ń bu sí i, nígbà tó fi máa di ọdún 5 igi ti wọ bíi kílò 76, iyẹ̀pẹ̀ ò sì dín ju nǹkan bíi gíráàmù 57 lọ. (Òun alára ṣì í, ó ní omi nìkan ló di igi, kò mọ̀ pé carbon dioxide inú afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀.) Ẹni tó ti fẹnu ara ẹ̀ jiyàn pé inú ilẹ̀ ni, á fẹ́ gbọ́ nípa photosynthesis (bí ewéko ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn, omi àti carbon dioxide ṣe oúnjẹ ara ẹ̀), ẹ̀yin náà á sì ní àlàyé tẹ́ ẹ máa ṣe, torí kì í ṣe pé kí olùkọ́ pa ẹnu mọ́ o.

Ní 2014, Scott Freeman, olùkọ́ báyọ́lọ́jì ní University of Washington, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kó ìwádìí 225 jọ lórí kíláàsì sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣirò: níbi tó jẹ́ lẹ́kíṣọ̀ lásán, nǹkan bí 34 nínú ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ ló fèélì, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kópa, bíi 22.

Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa kùn. Ìwádìí kan ní Harvard lọ́dún 2019, físíìsì ni wọ́n fi ṣe é, fi hàn pé àwọn tó kópa ṣe dáadáa jù nínú ìdánwò, síbẹ̀ àwọn gan-an ló ń rò pé àwọn ò fi bẹ́ẹ̀ kọ́ nǹkan kan, torí ó ni wọ́n lára. Ọjọ́ kìíní yẹn náà ni kẹ́ ẹ ti sọ ọ́ fún wọn, tẹ́ ẹ bá dúró dìgbà tí wọ́n bá ti jókòó gbọ́ lẹ́kíṣọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kẹ́ ẹ tó ní kí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ńṣe ni wọ́n á máa wò yín bíi pé ẹ ò múra iṣẹ́ wá.