Ẹ yé fi sẹ̀tífíkà ayé Faransé bú àwọn ọmọ wa

Bí èsì CEP, ìdánwò àṣejáde ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bá ti jáde báyìí, ọ̀rọ̀ kan náà làwọn àgbà wa ní Kétu, nílẹ̀ Benin, máa ń sọ: "Láyé Faransé, ẹni tó gba sẹ̀tífíkà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gbọ́ ìwé ju oníbakaloréà òde òní tó ṣe tán ní girama lọ." Ẹ forí jì mí o, ẹ̀yin bàbá, mi ò gbà.

Àwọn mélòó ni wọ́n jẹ́ kó wọlé nígbà náà? Ilé ìwé ò pọ̀, ọmọbìnrin ò sì tó nǹkan níbẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló dé ilé ìwé Victor Ballot ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tó wá di Lycée Béhanzin. Àwọn tó tibẹ̀ dé ilé ìwé William-Ponty ní Sẹ̀nẹ̀gà, bíi Hubert Maga tó di ààrẹ wa àkọ́kọ́, kò pọ̀ rárá. Èlùbọ́ tí wọ́n ti fi ajọ̀ jọ̀, ṣé kò ní kúnná ni? Láti 2006 tí ìjọba ti fagi lé owó ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọmọ gbogbo wa ló ń lọ.

Ẹ ò sì kì í dárúkọ sìnyáàlì. Òfin 1924 ní Faransé nìkan ni kí wọ́n máa lò níléèwé. Ọmọ tó bá sọ Yorùbá, wọ́n á fi okùn so egungun tàbí ìkarahun ìgbín kọ́ ọ lọ́rùn. Sìnyáàlì nìyẹn. Òun náà á wá máa ṣọ́ ẹlòmíì tó bá sọ Yorùbá, kó lè gbé e fún un. Ẹni tó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣíwọ́ ló máa jẹgba. Wọn ò sinmi rẹ̀ bọ̀rọ̀ lẹ́yìn òmìnira 1960. Ó kan bàbá mi. Àkéekèé ló ta wọ́n tí wọ́n fi ké "Yéè, ìyá mi ò!" Ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ ń jẹun ló gbé e kọ́ wọn lọ́rùn.

Kò sí egungun mọ́. Àwa òbí la wá gbaṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ìyálọ́jà tó ń fi Yorùbá nájà lọ́jà Wàǹdó ní Àjàṣẹ́ láti àárọ̀ á délé, á ní kọ́mọ má sọ ọ́. Ọmọ yẹn á dé CI, kíláàsì àkọ́kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, á máa ka ìwé bí ayékòótọ́.

Ní 2013 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán fífi èdè abínibí mẹ́fà kọ́ ọmọ wò láwọn ilé ìwé kan, Yorùbá wà níbẹ̀. Tí mo bá ti sọ ọ́, wọ́n á ní, "Ṣé Yorùbá ni wọ́n máa fi ṣe CEP ni?" Kí ló dé tí kò ní jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ó kéré tán, ká fi ìṣirò bẹ̀rẹ̀.