Iyẹ̀pẹ̀ Kọ́ Ló Ń Kó Àìsàn Bá Àwọn Ọmọ Wa

Wọ́n tún ti gbé e dé nípàdé òbí àti olùkọ́: ká dáwó, ká fi ìńtálọ́ọ̀kì bo gbogbo ọgbà ilé ẹ̀kọ́, torí iyẹ̀pẹ̀ ló ń kó àìsàn bá àwọn ọmọ. Àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́.

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe ní Finland. Ilé ìtọ́jú ọmọdé mẹ́wàá, ọmọ 75, láti ọlọ́dún mẹ́ta sí márùn-ún. Òkúta wẹ́wẹ́ àti kọnkéré ló wà nílẹ̀ ọgbà àwọn kan nínú wọn. Àwọn onímọ̀ lọ gé ilẹ̀ inú igbó, tewé tiyẹ̀pẹ̀, wọ́n kó o wá tẹ́ sí ọgbà mìíràn nínú irú wọn, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ọmọ máa walẹ̀, kí wọ́n máa gbin nǹkan, kí wọ́n máa fọwọ́ kàn án lójoojúmọ́. Ọjọ́ 28 péré. Nígbà tí wọ́n yẹ ara àwọn ọmọ náà wò, oríṣiríṣi kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé lára ènìyàn láìṣe é níbi ti pọ̀ sí i. Bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn tó máa ń kó ọmọ ogun ara níjàánu kó má baà kọjú ìjà sí ara fúnra rẹ̀. Ọdún 2020 ni èsì náà jáde. Ó dáa, ọmọ 75 kò pọ̀, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n sì wò, wọn ò ka ìgbà tí ọmọ ṣàìsàn.

Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi rí i lójoojúmọ́. Àwọn tí imú wọn ń dí ṣáá, tí ara ń yún, àwọn tí ìyá wọn kì í jẹ́ kí wọ́n bọ́ bàtà ni wọ́n pọ̀ jù nínú wọn. Lẹ́yìn òjò, ẹ wá wo àwọn yòókù. Ọmọ á ki ẹsẹ̀ bọ iyẹ̀pẹ̀ tútù, á wa òmíràn bò ó, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a títí yóò fi le, á wá rọra fa ẹsẹ̀ yọ. Bí ilé bá wó, á tún un kọ́.

Ẹ ó ní aràn ńkọ́? Inú ìgbẹ́ tí ènìyàn yà sílẹ̀ ni ẹyin aràn ti ń wá. Ilé ìgbẹ́, omi, ọṣẹ àti oògùn aràn ló ń lé e.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ọmọ tálákà. Ní 2008, àwọn olùṣèwádìí méjì, Richard Mitchell àti Frank Popham, fi hàn pé, nílẹ̀ England, àlàfo tó wà láàárín ikú olówó àti ti tálákà fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìlàjì níbi tí ewéko ti pọ̀ jù, tí a bá fi wé ibi tó ti kéré jù. Ikú àwọn tí kò tíì tó ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì ni wọ́n kà, kì í ṣe ti ọmọdé nìkan, ṣùgbọ́n inú ọmọdé ni àgbà ti ń jáde. N'Ìbàdàn níbí, ọmọ olówó ní koríko lẹ́yìnkùlé, wọ́n á tún san owó mú un lọ sí Agodi Gardens. Ọmọ tó ń gbé nínú yàrá kan ní Bẹẹrẹ, tí gọ́tà wà lẹ́nu ọ̀nà, tí ọ̀kadà ń sáré kọjá, ọgbà ilé ẹ̀kọ́ nìkan ni ilẹ̀ tó ní. Ilẹ̀ yẹn gan-an la fẹ́ da sìmẹ́ńtì lé lórí.

Owó ìńtálọ́ọ̀kì yẹn, ẹ jẹ́ ká fi tún ilé ìgbẹ́ tó ti kún ṣe, ká fa omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ká sì gbin igi mángòrò méjì sọ́gbà.