Orin oníṣẹ́jú 19, ẹ ní ó gùn jù?

Ẹ wò ó, mi ò ní parọ́ fún yín, ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i pé orin tó kẹ́yìn nínú àwo kan tí ẹgbẹ́ olórin The Decemberists ṣe lé ní ìṣẹ́jú 19, mo pòṣé. Ṣé àwọn èèyàn yìí ò níṣẹ́ ṣe ni? As It Ever Was, So It Will Be Again ni wọ́n pe àwo náà, June 2024 ló jáde, èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú ẹ̀ ti 2018 ni o, wọ́n wá lọ rọ́ orin 13 sínú àwo pẹ̀lẹ́bẹ́ méjì.

Portland ní Oregon lọ́hùn-ún nílùú Amẹ́ríkà ni wọ́n wà. Ohun tó jẹ́ kí n máa tẹ̀ lé wọn ò ju ìtàn lọ. Colin Meloy tó ń léwájú orin wọn kì í kàn ṣe ìfẹ́ ń pa mí ìfẹ́ ń gún mi, ìtàn ló máa ń pa. Ní 2006 wọ́n sọ ìtàn àtijọ́ àwọn ará Japan kan dorin, ọkùnrin kan tọ́jú ẹyẹ tó fara gbọgbẹ́, ẹyẹ di obìnrin, wọ́n fẹ́ra, ìyàwó ń hun aṣọ, ó ní tóun bá ń hun ún kí ọkọ má yọjú o, ọkọ yọjú, ìyàwó bá fò lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ ti ọdẹ àti obìnrin tó ń bọ́ awọ àgbọ̀nrín sínú igbó, ṣé kò jọra ni?

Nínú àwo tuntun yìí, ojú mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú ojú mẹ́rin tí àwo pẹ̀lẹ́bẹ́ méjèèjì ní, orin kúkúrú-kúkúrú ni. Ọ̀kan wà tí ọkùnrin kan gbéyàwó tó sì sin ín lọ́jọ́ kan náà, orin ọ̀hún wá ń lọ geerege bíi pé ká dìde jó, ìyẹn gan-an ló dùn mọ́ mi. Àwọn míì wà tí mo máa ń fò o, ẹ má bínú.

Ṣùgbọ́n ojú kẹrin! Ibẹ̀ ni orin oníṣẹ́jú 19 yẹn wà, Joan of Arc ló dá lé, ọmọbìnrin ilẹ̀ Faransé tó ní òun ń gbọ́ ohùn àwọn ẹni mímọ́, tó kó ọmọ ogun lẹ́yìn, tí wọ́n dáná sun ní Rouen ní 1431. Ọmọ bí ọdún 19 ni, orin tiẹ̀ náà ìṣẹ́jú 19, àbí èmi nìkan ni mo rí ìyẹn? Ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń wúwo bọ̀, ló bá dẹwọ́ láàárín, ohùn kan ṣáá ló ń hó hùùù fún ìṣẹ́jú mélòó kan, mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti gbé ìṣe ẹ̀ dé, mo ti fẹ́ pa á.

Àwọn tó ń ní ó gùn jù, ta ló sọ fún Fela pé kó má fi orin kan kún odidi ojú àwo? Obey jókòó pa ìtàn bàbá, ọmọ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ fún wa, ṣé a sá lọ ni?

Àbúrò mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú mọ́tò ti bi mí ẹ̀ẹ̀mejì pé ṣé orin yìí ò ní parí ni. Àfi gbàà tí gìtá já wọlé, ìlù ń sáré bí ẹṣin ogun, òun fúnra ẹ̀ ló nawọ́ yí vólúùmù sókè.