Rẹsísítọ̀ tí ẹ jó mọ́ wáyà ádápítọ̀ kò lè sọ 12V di 9V

Bí ráútà bá ń lo 9V, tó sì jẹ́ pé ádápítọ̀ 12V ló wà nílé, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé kí ẹ gé wáyà, kí ẹ jó rẹsísítọ̀ kan (èròjà kékeré tó ń dín iná kù) sí àárín rẹ̀, ó bùṣe. Kò bùṣe o. Iye fóltì tí rẹsísítọ̀ ń jẹ kì í dúró lójú kan. Bí ẹ̀rọ bá ṣe ń fa iná tó ni rẹsísítọ̀ ṣe ń jẹ ẹ́ tó.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ráútà ń fa 0.6A (A ni wọ́n fi ń wọn iná tó ń ṣàn). Ẹ pín 3V tí a fẹ́ yọ sí 0.6, ó di rẹsísítọ̀ 5Ω. Ó jọ pé ó pé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ráútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí, tó ń fa 0.2A péré, 1V ni rẹsísítọ̀ yẹn máa jẹ. 11V ló ń wọ ráútà lára. Bí iṣẹ́ bá wá pọ̀ fún un tó fa 1A, 5V ti lọ, 7V ló kù. Ráútà á kú, á jí, á tún kú, ẹ ó sì máa bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ooru náà ń bẹ ńbẹ̀: 3V lọ́nà 0.6A jẹ́ 1.8W. Rẹsísítọ̀ wẹ́wẹ́ 0.25W á dúdú, á rùn, á já.

Mítà ló ń tan èèyàn jẹ jù. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n láìtíì so ráútà mọ́ ọn, 12V gan-an lẹ máa rí, torí mítà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ fa iná rárá. Ẹlòmíì á rò pé rẹsísítọ̀ kò ṣiṣẹ́, á fi èyí tó tóbi jù ú lọ rọ́pò rẹ̀.

Inú ádápítọ̀ gan-an ni fóltì ti ń wá. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, èròjà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní TL431 ló ń ṣọ́ ọ pẹ̀lú rẹsísítọ̀ méjì, R1 àti R2: 2.5V lọ́nà (1 + R1/R2). Pẹ̀lú R1 38.3k àti R2 10k, ó jẹ́ nǹkan bí 12V. Ẹ jó rẹsísítọ̀ 82k lé R1 lórí, ó di 9V. Ẹ má fà á dé 5V: iná tó ń bọ́ IC inú rẹ̀ (èyí tó ń darí ádápítọ̀) náà á rọ̀ sílẹ̀, ádápítọ̀ á máa tan, á máa kú. Kàpásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ (èròjà tó ń tọ́jú iná) sì ń gbé nǹkan bí 325V, ó lè mú un dání lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́ nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó lè pa èèyàn. Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tú iná inú rẹ̀ dànù kò gbọdọ̀ ṣí i.

Ẹ ra module LM2596 dípò rẹ̀, ìyẹn pátákó kékeré tó ń sọ fóltì kalẹ̀. Ẹ so ádápítọ̀ mọ́ IN, ẹ fi mítà sí OUT, kí ẹ máa yí ìdè kékeré orí rẹ̀. Ó lè yí lọ́pọ̀ ìgbà kí nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sún. Ìgbà tó bá di 9V ni kí ẹ tó so ráútà, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá sí module, dáyọ̀dù 1N5408 (èròjà tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) mẹ́rin tí wọ́n tẹ̀lé ara wọn, tí ìlà ara wọn kọ sí ọ̀nà ráútà, máa yọ nǹkan bí 3V, kò sì ní yí padà púpọ̀ bí ráútà bá ń fà tàbí tó ń sinmi.