Fífọ ikùn lẹ́yìn ọdún kò lè fọ ọkàn

Ní òwúrọ̀ Ìléyá ní Ìjẹ̀bú-Òde, ohun tí alápatà máa ń ṣọ́ra fún jù nígbà tí ó bá la inú àgbò ni àpò kékeré aláwọ̀ ewé tí ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀. Yóò fi ọ̀bẹ yí i ká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, yóò fi ìka méjì dì í lẹ́nu, yóò sì jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí pé bí òróòro bá bẹ́ sórí ẹ̀dọ̀, kò sí ata tí yóò bo ìkorò rẹ̀. Bóyá láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti gbà pé ìdọ̀tí ni òróòro. Nígbà tí Ojúde Ọba bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ tí ẹran sì ti sú gbogbo ènìyàn, ìgbàgbọ́ mìíràn a tẹ̀lé e: pé kí a fọ ikùn, kí a lé òróòro, ọ̀rá àti kòkòrò inú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọkàn lè sinmi. Ìyá alágbo kan ní gáréèjì Ṣàgámù sọ ọ́ fún mi bí ó ti ń bu jẹ̀dí sínú ife: “Ẹ mu ún, oníbàárà mi. Bí ẹ bá ti yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọ̀rá ọdún ti tán lára yín nìyẹn.” Àwọn tí kò gba ti àgbo a máa lọ sí kẹ́míìsì, wọn a ra kápúsù pupa-àti-yẹ́lò, ìyẹn oògùn apakòkòrò, wọn a sì gbé e mì pẹ̀lú èrò kan náà.

Òróòro kì í ṣe ìdọ̀tí rárá. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń pèsè rẹ̀, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù gan-an, ìyẹn ọ̀rá tí a ń bẹ̀rù pé yóò dí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn, ni ó sì fi ń ṣe àwọn ásíìdì inú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rá ẹran bá dé inú ìfun, òróòro yóò tú u ká bí ọṣẹ ti ń tú ọ̀rá ara abọ́ ọbẹ̀, kí ara lè gbà á. Bí ó bá ṣe iṣẹ́ yẹn tán, púpọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í bá ìgbẹ́ lọ: ní ìparí ìfun kékeré, ara a fa nǹkan bí ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ásíìdì náà padà, wọn a padà sí ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ a sì tún rán wọn jáde, lẹ́ẹ̀mélòó kan láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó bá ìgbẹ́ lọ ni ẹ̀dọ̀ ń fi kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù mìíràn rọ́pò.

Níbí yìí ni òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ ìyá alágbo, n kò sì ní fi í pamọ́. Bí òróòro tí ń bá ìgbẹ́ lọ bá pọ̀ sí i lójoojúmọ́, ẹ̀dọ̀ yóò máa fa kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù láti inú ẹ̀jẹ̀. Bí oògùn cholestyramine ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, nítorí ó ń di òróòro mú nínú ìfun. Ní ọdún 1984, àbájáde ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí ọkùnrin 3,806 tí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wọn ga: àrùn ọkàn fi ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún dín láàárín àwọn tí wọ́n fún ní oògùn náà. Ṣùgbọ́n ó lé ní ọdún méje tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun oògùn náà mu lójoojúmọ́; kì í ṣe ife kan lẹ́yìn Ìléyá. Ẹ̀wà tí a bá ń jẹ déédéé ń ṣe díẹ̀ nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àgbo ìyàgbẹ́ ní tirẹ̀ kò dé ibẹ̀. Ìfun ńlá ni àsúnwọ̀n àti àwọn ewé ẹbí rẹ̀ bíi sẹ́nà ti ń ṣiṣẹ́, ìfun kékeré sì ti gba ọ̀rá àti òróòro kí oúnjẹ tó dé ibẹ̀. Omi, iyọ̀ ara àti ìgbẹ́ ni ó ń jáde; ẹni tí ó bá gun òṣùwọ̀n lọ́jọ́ kejì tí ó rí i pé òun fúyẹ́, omi ni ó pàdánù. Ohun tí ó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ìfun ńlá gan-an ni ó ń tú èròjà ewé sẹ́nà sílẹ̀ kí ó tó lè mú inú ṣí. Àwọn tí a fẹ́ lé ni a ń bẹ̀ níṣẹ́. Omidùn tí wọ́n sábà máa ń fi rẹ ewé náà kún fún irú wọn pẹ̀lú. Àwa tí a mọ̀ pé gàárì Ìjẹ̀bú kò lè kan bí kò bá lo ọjọ́ mélòó kan nínú àpò kò yẹ kí a máa pe gbogbo kòkòrò ní ọ̀tá. (Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ní gàárì mímu ń gbé wọn wọ ikùn, iná agbada ti pa wọ́n.)

Òróòro díẹ̀ tí ó bá dé ìfun ńlá, àwọn kòkòrò yìí ń sọ ọ́ di irú mìíràn, ara sì ń lo irú bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì láti mọ bí yóò ṣe ṣètò ọ̀rá àti ṣúgà. Nínú ìwádìí kan ní Nẹ́dálándì ní ọdún 2014, ọkùnrin 20 tí wọ́n sanra lo oògùn apakòkòrò fún ọjọ́ méje. Lára àwọn tí wọ́n fún ní vancomycin, irú òróòro tí kòkòrò ń ṣe yìí dín kù, ínsúlínì, èròjà tí ara fi ń ṣètò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, kò sì ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Amoxicillin, oògùn apakòkòrò kejì, kò ṣe irú rẹ̀ fún àwọn yòókù.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbèjà kápúsù lè mú ọ̀rọ̀ TMAO, èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀, wá, ẹ̀rí rẹ̀ sì lágbára. Àwọn kòkòrò kan ń yí èròjà inú ẹran pupa àti ẹyin padà, ẹ̀dọ̀ a sì sọ ọ́ di TMAO. Ní Cleveland ní Amẹ́ríkà, ìwádìí ọdún 2013 lórí aláìsàn 4,007 fi hàn pé ewu àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ pọ̀ jù lára àwọn tí TMAO wọn ga. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí yẹn kan náà ni wọ́n ti fún àwọn ènìyàn tí ara wọn le ní oògùn apakòkòrò: TMAO lọ sílẹ̀, nígbà tí wọ́n sì dá oògùn dúró, ó padà dé. Ní ọdún 2005, wọ́n ti gbìyànjú oògùn apakòkòrò azithromycin lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún kan gbáko lára aláìsàn ọkàn 4,012, nítorí kòkòrò mìíràn tí wọ́n fura sí, kò sì dín ìkọlù ọkàn kù.

Àwọn àgbà tí ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ń mú ni tọ̀ púpọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè máa gbé iyọ̀ potassium jáde nínú ìtọ̀, ìgbẹ́ gbuuru a sì tún gbé òmíràn jáde. Bí potassium bá sì lọ sílẹ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn gan-an ni kò ní lù bí ó ti yẹ mọ́.